Ta ni ká fi ìbò jẹ níyà: òǹdíje ni àbí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba?

Ayọ̀bámi: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun kan náà ni ẹgbẹ́ obìnrin méjì, NUWSS ti Millicent Fawcett (1897) àti WSPU ti Emmeline Pankhurst (1903), ń wá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kí obìnrin lè dìbò. Kí ló dé tí wọn ò fi lè ṣe é pọ̀ bí ìbò bá dé?

Àkànní: Fèrèsé tí WSPU fọ́ ni gbogbo èèyàn ń rántí, àmọ́ ìjà ìbò ti wà kó tó kan ìyẹn. Fawcett àtàwọn tiẹ̀ á lọ bi òǹdíje kọ̀ọ̀kan pé kí ló máa ṣe nípa ìbò obìnrin. Ẹni tí èsì rẹ̀ bá dáa jù ni wọ́n á bá polongo, ẹgbẹ́ yòówù kó wà. WSPU ní ìyẹn ò lè ṣiṣẹ́: ìjọba ló ń pín àkókò ilé aṣòfin, aṣòfin kan ò lè dá àbá òfin gbé kọjá. Nítorí náà, kí gbogbo òǹdíje Liberal, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba nígbà náà, ṣubú, àti ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá. Ní Cockermouth, oṣù kẹjọ 1906, wọ́n ta ko Liberal, wọn ò sì gbè sẹ́yìn Labour, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Conservative, ẹgbẹ́ alátakò, ló wọlé. Inú bí àwọn ará Labour tó ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Mọ́rẹ̀nikẹ́: NUWSS náà yí padà ní 1912. Lóṣù kẹta, àbá òfin ìbò obìnrin ṣubú nílé aṣòfin, 222 sí 208. Labour nìkan ló ti ṣèpinnu pé òun ò ní gba òfin ìbò tó bá yọ obìnrin sílẹ̀, ni NUWSS bá dá owó ìjà ìbò tí wọ́n ń pè ní Election Fighting Fund jọ fún òǹdíje Labour. Ẹ wo Midlothian ní Scotland, oṣù kẹsàn-án: èèyàn mẹ́ta, àga kan. Labour kó ìbò 2,413, ìbò 32 péré sì ni Conservative fi gba àga náà lọ́wọ́ Liberal. Ohun tí Catherine Marshall, tó ń darí owó náà, ń wá gan-an nìyẹn, kó lè dun Liberal. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin NUWSS, ilé Liberal ni wọ́n ti wá; wọn ò fẹ́ fọwọ́ òsì júwe ilé baba wọn. Eleanor Rathbone, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ NUWSS, ní tiẹ̀ ń bẹ̀rù pé bí Conservative bá gorí àlééfà, ta ni wọ́n máa bá sọ̀rọ̀? Ó kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà ní 1914.

Ayọ̀bámi: Amẹ́ríkà ńkọ́?

Àkànní: Alice Paul, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti bá WSPU ṣiṣẹ́, gbé ọgbọ́n wọn lọ síbẹ̀ ní 1914, ó ta ko Democrat, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba níbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tí obìnrin ti ń dìbò. Níbẹ̀, ìwé ìbò wà lọ́wọ́ obìnrin. Ní Midlothian, ẹnu lásán ni wọ́n ní. NAWSA, ẹgbẹ́ ìbò obìnrin tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, kọ̀, wọ́n ní ó ń lé àwọn Democrat tó ń ṣe tiwọn sọnù.