Mọ́tò rìmóòtù gbá mi lójúgun níbi réèsì ọmọ mi, ṣé kí n ṣì máa gbé e lọ?

Bàbá Ìbejì Kent

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ìlú Ọba níbí ni mo wà, ìbejì ni mo bí, wọ́n ti pé ọmọ ọdún 10. Táíwò ò dà mí láàmú, bọ́ọ̀lù ló ń gbá ní tiẹ̀, Kẹ́hìndé ló lọ kó sáàárín àwọn tó ń fi mọ́tò rìmóòtù sá réèsì, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù nǹkan ìṣeré o, èyí tí wọ́n ń tò fúnra wọn ni, 1/10 ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́tò gidi, bátìrì ló ń lò, ó sì ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Gbogbo alẹ́ Fúráìdè la máa ń lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan, wọ́n á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n á fi páìpù pààlà sí i, àwọn awakọ̀ á gun pèpéle lọ dúró pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́, ó di vùùùù.

Ibi tí wàhálà ti wá nìyí. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá ti sá tiẹ̀ tán ló máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún àwọn tó kàn, kó máa bá wọn gbé mọ́tò tó bá dojú dé. Máṣàlì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní Kẹ́hìndé ṣì kéré, kí èmi bàbá rẹ̀ dúró fún un. Mo ní kò burú. Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ mi o, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti bọ́ bàtà iṣẹ́ sínú mọ́tò. Mọ́tò kan takìtì, mo sáré lọ gbé e, àǹtí mi ní Ìjẹ̀bú-Òde bá pè mí lórí WhatsApp, mo ní kí n kàn yọjú wo ẹni tó ń pè, gbàù! Ojúgun. Ibi tí ò sí ẹran rárá. Mo pe orúkọ bàbá mi, ẹ̀jẹ̀ kán sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn, ẹni tó ni mọ́tò sì ń pariwo látorí pèpéle pé kí n kúrò lọ́nà. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ ní pẹ̀lẹ́.

Ìyàwó mi ní ó parí, ọmọ òun ò lọ síbẹ̀ mọ́. Láti Sátidé lọmọ ti ń sunkún. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé bó ṣe ń rí níbi gbogbo nìyí àbí àwọn tèmi ni ò mọ̀ ọ́n ṣe? Ẹnì kan tún ti dẹ́rù bà mí pé bátìrì rẹ̀ lè jó ilé, bẹ́ẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn la ti ń ṣáàjì ẹ̀ lálaalẹ́.

Àgbà Awakọ̀

Pẹ̀lẹ́ o bọ̀dá, ẹ kú ewu. Birmingham ni mo wà, ó ti lé lọ́dún 15 tí mo ti ń bá wọn sá nǹkan yìí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bá yín wí kí n tó bá àwọn yẹn wí. Sálúbàtà, fóònù, ẹ tún kọ̀yìn sí mọ́tò tó ń bọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ṣe pa pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ojúgun nìkan ló sì gbà á, ẹ dúpẹ́.

Ẹ wò ó, mọ́tò 1/10 yẹn ò ju nǹkan bíi kílò kan àtààbọ̀ lọ, ẹ wá mú ìgò omi onílítà kan àtààbọ̀, ẹ bu omi kún un, kí ẹnì kan jù ú lù yín látinú mọ́tò tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí. Ìgò tiẹ̀ tún rọ̀ o, mọ́tò yẹn ní irin àti pílásítíìkì tó le níwájú. Èyí tí èmi ń sá níta, 1/8 onífúùlù, lé ní kílò mẹ́ta. Àwọn 1/8 ẹlẹ́ńjìnnì tó ń sá lórí ọ̀dà máa ń kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí, tí ìyẹn bá gbá èèyàn lẹ́sẹ̀, ọsibítù ni.

Gbogbo èèyàn ló máa ń rò pé ẹni tó ń wòran ló wà nínú ewu. Rárá o. Òǹwòran wà lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì, awakọ̀ wà lókè lórí pèpéle. Máṣàlì nìkan ló wà nílẹ̀ láàárín mọ́tò, iṣẹ́ yẹn gan-an la sì máa ń gbé fún bàbá ẹnì kan tó kàn wá gbọ́mọ sílẹ̀! Ìyẹn ló ń bí mi nínú nínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹni tó ń darí réèsì gbọ́dọ̀ ti pè yín sí ẹ̀gbẹ́ kó ṣàlàyé fún yín, kó fún yín ní fẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ tó ń tàn yòò kí awakọ̀ lè máa rí yín látòkè.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe é rèé. Ẹ dúró síbi tí wọ́n bá fi yín sí, ojú yín ò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tí mọ́tò ti ń bọ̀. Tí mọ́tò bá dojú dé, ẹ má tíì gbéra, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà, kí àwọn tó ń bọ̀ kọjá ná, ẹ wá wọlé, ẹ yí i padà kó kọjú síbi tó ń lọ, ẹ jáde. Awakọ̀ tó ni ín á máa pariwo "máṣàlì! máṣàlì!" bí ẹni tílé ẹ̀ ń jó, ẹ jẹ́ ó pariwo. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló pàdánù, ẹsẹ̀ yín kọ́ ló máa fi gbà á padà. Mo ti rí ọkùnrin tó fò kọjá ọ̀nà méjì tààrà torí pé ọ̀gá ibi iṣẹ́ ẹ̀ ló ni mọ́tò tó ṣubú, òun náà ṣubú, mọ́tò mẹ́rin wọlé sí i lára.

Nǹkan míì tí wọn ò ní sọ fún yín: tẹ́ ẹ bá ti gbé mọ́tò, ẹ má fọwọ́ kan táyà. Awakọ̀ yẹ kó ti gbọ́wọ́ kúrò lórí tírígà, àmọ́ ẹlòmíì á ti kánjú tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ yín, táyà yẹn á bó ìka. Tó bá jẹ́ ti onífúùlù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹgisọ́ọ̀sì ẹ̀ gbóná bí ààrò.

Ẹ tún béèrè bóyá kílọ́ọ̀bù yẹn wà lábẹ́ BRCA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sá mọ́tò rìmóòtù ní Ìlú Ọba níbí. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní ìnṣọ́ránsì tó bá mọ́tò ẹ̀ ṣe ẹlòmíì léṣe. Ẹlòmíì ni mo sọ o, kì í ṣe ojúgun ara yín.

Ọmọ Lẹ́kkí

Ẹ̀yin ará òkè òkun yìí sha 😂 mọ́tò ìṣeré lẹ ń fi fẹ́ẹ̀sì àti ìnṣọ́ránsì ṣe. Àwa níbí, ibi ìgbọ́kọ̀sí ẹ́sítéètì wa la ti ń sá tiwa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ò ní nẹ́ẹ̀tì, a ò ní páìpù, kọ́ńkéré ni, mẹ́ta nínú wa ní nitro, onífúùlù yẹn, àwọn ọmọdé á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ máa patẹ́wọ́. Tí òjò bá dé a máa ń kó wọnú wíàháòsì kan tó ṣófo, ariwo ẹ̀ nínú ibẹ̀ á dùn gan-an. Kò sẹ́ni tó kú.

Àgbà Awakọ̀

Àbúrò, mo rẹ́rìn-ín dé ibi wíàháòsì yẹn, ẹ̀rín bá gbẹ lẹ́nu mi. Ṣé o lè tan jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá kó o sì ti ilẹ̀kùn? Èéfín kan náà ni. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn tá a fi lè mọ̀ ọ́n, orí á kọ́kọ́ máa fọ́ yín, ẹ ó ní ariwo ni. Onífúùlù kì í wọlé. Tí òjò bá rọ̀, ẹ kó o sí búùtù kẹ́ ẹ lọ jẹ sùyà.

Fúùlù yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́? Mẹ́tánọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, wọ́n á wá po nitromethane àti ọ́ìlì mọ́ ọn. Tí mẹ́tánọ́ọ̀lù bá gbiná lọ́sàn-án gangan, ojú lè má rí iná ẹ̀, wàá kàn máa rí i tí bọ́dì mọ́tò ń yọ́ tí ọwọ́ ẹ sì ń jó. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ ọ́ sínú ìgò omi kó gbé e sílẹ̀ níbi tọ́mọdé wà. Mẹ́tánọ́ọ̀lù yìí náà ló wà nínú ohun tí àwọn tó kú ní Òde-Ìrèlè ní 2015 mu, ìgbà táwọn èèyàn kọ́kọ́ ń sọ pé òrìṣà ló ń jà.

Ní ti àwọn ọmọ tó ń patẹ́wọ́, ẹ kó wọn kúrò níbi tí kọ́nà ti ń parí, ibẹ̀ ni mọ́tò tó bá sọ ìjánu nù máa ń forí lé. Inú kọ́nà ló yẹ kí wọ́n wà, tàbí kẹ́ ẹ to táyà mọ́tò gidi tí ò dáa mọ́ sílẹ̀, kí wọ́n dúró lẹ́yìn ẹ̀, àwọn fọkanáísà kún Èkó, wọ́n á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ Lẹ́kkí

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ o. Ti wíàháòsì yẹn, orí máa ń fọ́ mi lóòótọ́, mo rò pé oòrùn ni.

Túnjí Houston

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ní tèmi orí amọ̀ la ti ń sá níbí, ROAR, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sá mọ́tò rìmóòtù ní Amẹ́ríkà, ló ń ṣòfin fún wa, ọ̀rọ̀ máṣàlì yẹn sì rí bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ọ̀rọ̀ mọ́tò tó bá sá lọ fúnra ẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìgbì rédíò 27 MHz la ń lò, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan á ní kírísítà tiẹ̀ tó ń yan nọ́ńbà ìgbì tó máa lò, tí ẹni méjì bá tan rìmóòtù lórí nọ́ńbà kan náà, mọ́tò ọ̀kan á ya wèrè, á forí lé àwọn èèyàn láìsí ẹni tó lè dá a dúró. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń gbé pátákó kan síbẹ̀ tí wọ́n fi píìnì ìsáṣọ há nọ́ńbà mọ́, tí píìnì nọ́ńbà ẹ ò bá sí lọ́wọ́ ẹ, o ò gbọ́dọ̀ tan nǹkan kan. Ìgbì 2.4 GHz tó dé ló gbà wá, rìmóòtù àti mọ́tò ń dá ara wọn mọ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n bátìrì rìmóòtù ṣì lè kú lójijì. Bàbá Ìbejì, ẹ ṣe èyí lónìí: ẹ gbé mọ́tò Kẹ́hìndé lé orí nǹkan kí táyà ẹ̀ má kanlẹ̀, ẹ tẹ tírígà díẹ̀ kí táyà máa yí, ẹ wá pa rìmóòtù. Táyà gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Tó bá ṣì ń yí, fáìlìséèfù ẹ̀, ohun tó ń dá mọ́tò dúró tí kò bá gbọ́ rìmóòtù mọ́, ò tíì sẹ́ẹ̀tì, kò gbọ́dọ̀ wọ tíráàkì bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ náà sì mọ̀ pé rìmóòtù là ń kọ́kọ́ tàn, mọ́tò tẹ̀ lé e, tó bá di pípa, mọ́tò ló ń ṣáájú.

Ìyá Ṣọlá

Gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ ojúgun, ẹ fi bàbá yìí sílẹ̀ pẹ̀lú bátìrì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ! Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde báyìí báyìí kẹ́ ẹ lọ gbé e kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ìyókù.

Ẹ ti gbé e? Ó dáa. Leeds lèmi wà, ọmọkùnrin mi ń sá a láti ọdún mẹ́rin, tábìlì ìdáná mi jó nítorí ẹ̀. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú kan tá a rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ó gbà á lọ́wọ́ wa láti yan irú bátìrì tí kì í ṣe LiPo, bẹ́ẹ̀ LiPo ni irú bátìrì mọ́tò yẹn, ọmọ ò mọ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Kì í jó bí igi ṣe ń jó o. Ó kọ́kọ́ wú, ó ṣe ṣìììì, ó wá tu iná jáde bíi nọ́káòtù ọdún Kérésì, èéfín ẹ̀ sì jẹ́ májèlé. A jáde, a pe 999, àwọn panápaná ló bá wa pa á.

Bátìrì wọn sábà máa ń ní sẹ́ẹ̀lì méjì, 2S ni wọ́n kọ sí i lára. Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá kún, 4.2 fóòtì ni, méjèèjì jẹ́ 8.4, kò gbọ́dọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, níbi réèsì tó gún régé wọ́n tiẹ̀ máa ń wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ 5000 mAh ni wọ́n kọ sí i, áńpíà 5 ni kẹ́ ẹ fi ṣáàjì ẹ̀, ẹ má gbọ́ ti àwọn tó ń fi 10 tàbí 15 yára. Ẹ máa so wáyà kékeré funfun yẹn mọ́ ṣájà pẹ̀lú, òun ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì méjèèjì dọ́gba. Ẹ kó o sínú àpò tí iná ò lè jó, kó wà lórí táìsì tàbí kọ́ńkéré, kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà sá jáde. Kẹ́nì kan máa wà níbẹ̀ tí jíjí ẹ̀ wà. Alẹ́ tẹ́ ẹ ń sùn kọ́! Tí wọn ò bá ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣájà gidi ní ibi tẹ́ ẹ lè tẹ̀ tó máa fi í sí 3.8 fóòtì fún sẹ́ẹ̀lì kan, bó ṣe yẹ ká máa tọ́jú ẹ̀ nìyẹn. Èyí tó bá ti wú bí àkàrà, ó ti kú, ẹ má ṣáàjì ẹ̀ mọ́, ẹ má sì jù ú sínú bíìnì ilé, ẹ gbé e lọ síbi tí káńsù ti ń gba bátìrì.

Ní ti pé kó lọ tàbí kó má lọ, ọmọ mi ò mọ ìṣirò tẹ́lẹ̀, òun ló ń bá mi ka iye fóòtì báyìí. Ẹ jẹ́ kó máa lọ jàre.

Bàbá Ìbejì Kent

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti gbé bátìrì kúrò, ó wà nínú gáráàjì lórí bíríkì. Ọ̀kan nínú mẹ́ta ti wú, mo bi Kẹ́hìndé, ó ní ó ti wú láti oṣù tó kọjá, òun rò pé bó ṣe ń kún nìyẹn. Ara mi bù máṣọ. Mo sì ti dán ti Bọ̀dá Túnjí wò, táyà ò dúró, ó ń yí lọ ni, èmi àti ẹ̀ jókòó ka ìwé rẹ̀ títí aago mẹ́sàn-án kó tó gbọ́.

Mo pe ẹni tó ń darí kílọ́ọ̀bù, mo sọ fún un pé kí wọ́n máa kọ́ òbí kí wọ́n tó fi wọ́n ṣe máṣàlì. Ó tọrọ àforíjì, ó ní wọ́n ní fẹ́ẹ̀sì mẹ́jọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀. Wọ́n wà lábẹ́ BRCA.

Ìyàwó mi ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ láti òkè délẹ̀. Ó ní Kẹ́hìndé lè lọ ní Fúráìdè. Ó ní èmi ni ò gbọ́dọ̀ lọ, òun fúnra òun ló máa ṣe máṣàlì, ó ti yọ bàtà tó fi ń rìn lórí òkè jáde, ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó gbá ọkọ òun.