Ìrírí mi lórí ọ̀rọ̀ inú bọ́tìnnì tí a fi ń padà sẹ́yìn

Áàpù àjọ ni mo kọ fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìbàdàn, èdè Yorùbá ni mo sì fi kọ gbogbo ojú ewé rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ tí ó ń jáde nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dákú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sórí iPhone láti dán an wò, tí mo ṣí ojú ewé ìsanwó, ohun tí mo rí lókè lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfà kékeré yẹn, ni «Back». Mo tú gbogbo kóòdù mi wò, n kò rí ibi tí mo ti kọ ọ́.

iPhone ni ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Àkọlé ojú ewé tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni ó máa ń fi sí bọ́tìnnì náà, ṣùgbọ́n bí àkọlé yẹn bá gùn ju àyè lọ, yóò pa á tì, yóò sì fi Back rọ́pò rẹ̀. Bí àyè bá tún há jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọfà nìkan ni yóò kù. «Àkọsílẹ̀ Owó Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́» ni mo pe ojú ewé tèmi, kò sì sí bí ó ṣe lè gba ibẹ̀.

Mo kọ navigationItem.backButtonTitle = "Padà", ìlà kóòdù tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí bọ́tìnnì náà yóò gbé, sínú ojú ewé ìsanwó, kò sí ohun tí ó yí padà. Mo yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù, mo tún un fi sí i, Back náà ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi leftBarButtonItem ṣe bọ́tìnnì tara mi. Ọ̀rọ̀ náà jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n fífi ìka wọ́ ojú ewé láti etí òsì, èyí tí àwọn tí ń lo iPhone ti mọ̀ láti iOS 7 (iOS ni ètò tí ó ń darí iPhone) ní ọdún 2013, kò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí náà mo yọ ọ́ kúrò. Ọjọ́ kejì ni ó tó yé mi pé ojú ewé tí a ó padà sí ni ó ni ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì yẹn, kì í ṣe èyí tí a wà lórí rẹ̀. Mo gbé ìlà kan ṣoṣo náà lọ sínú ojú ewé àkọsílẹ̀, Padà sì jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń lo React Navigation, irinṣẹ́ mìíràn tí àwọn tí ń kọ áàpù fi ń ṣe lílọ láti ojú ewé kan sí òmíràn, ẹ kíyè sí i pé tiyín yàtọ̀: láti ẹ̀dà 5, ojú ewé tí bọ́tìnnì ti hàn gan-an ni a ń kọ headerBackTitle sí.

Mo rò pé ó ti parí, àfi ìgbà tí mo jókòó ti màmá kan tí wọ́n ń ta aṣọ, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san ₦5,000. Mo ní, «Màmá, ẹ tẹ Padà, ẹ ó rí àkọsílẹ̀ yín.» Wọ́n gbé ìka sókè, wọn kò tẹ̀ ẹ́. «Ọmọ mi, tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ṣé kò ní dá owó mi padà?» Mo wo ojú fóònù náà: iye owó wà láàárín, Padà wà lókè rẹ̀. Wọ́n jàre. Èmi tí mo kọ ọ́ mọ̀ pé ènìyàn ni yóò padà, ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún wọn pé kì í ṣe owó?

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ ọ́ di «Àkọsílẹ̀», tí ó ń sọ ibi tí ènìyàn ń lọ, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri áàpù náà.

Ohun kan kù. Ní ojú ewé méjì tí àyè ti há, mo ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ òfìfo sí backButtonTitle kí ọfà nìkan lè hàn. Láti iOS 14, bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ pẹ́, orúkọ gbogbo ojú ewé tí ó ti kọjá ni yóò tò sílẹ̀, àwọn méjì yẹn sì ṣófo pátápátá níbẹ̀. Mo fi backButtonDisplayMode = .minimal, tí ó ń fi ọfà nìkan hàn láì pa orúkọ ojú ewé rẹ́, rọ́pò rẹ̀, orúkọ wọn sì ti pé nínú àtòjọ náà báyìí.