Ẹ gbà mí o: kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ni kí ọmọ mi lọ fún NCE? Ọjọ́ Ẹtì ti dé tán

Ìyá Àdùkẹ́, Ìdó
Ẹ kú àtìjọ́, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ ṣe tíṣà. Yunifásítì tó mú kò gbà á, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni la fẹ́ kó lọ báyìí, kó gba NCE, ìwé ẹ̀rí tíṣà. Ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ sanwó ní kí n mú orúkọ ilé ìwé kan wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí òun ń padà sí Àbújá lọ́jọ́ Sátidé. Èwo ló dáa jù nínú wọn? Ẹ dákun, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkẹ́rẹ́ náà ni. Kí lẹ tún ń wá kiri?

Fadékẹ́mi Adó
Ìkẹ́rẹ́ tàbí Oǹdó. Adéyẹmí Oǹdó ni bàbá gbogbo wọn.

Tíṣà Àgbà
Ẹ̀yin méjèèjì, ọdún wo lẹ ti gbọ́ ìròyìn kẹ́yìn? Ìkẹ́rẹ́ ti di yunifásítì láti 2020, òun ni BOUESTI tí wọ́n fi sọ Bámidélé Olúmilúà, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, lórúkọ. Adéyẹmí náà ti di yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iléṣà ti di yunifásítì, Emmanuel Alayande tó wà ní Ọ̀yọ́ ti di yunifásítì. Lára àwọn tìjọba tó ṣì ń jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì nílẹ̀ wa níhìn-ín ni Ìlá-Ọ̀ràngún, tó jẹ́ ti ìjọba Ọ̀ṣun. Ìwó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2020. Special tó wà ní Ọ̀yọ́, ti ìkọ́ni fún àwọn aláàbọ̀ ara. Àti Osiele tó wà ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ń ti Ìdó-Èkìtì lọ, Ìlá ló sún mọ́ ọn jù. Ẹ̀yìn Ọ̀tùn níbẹ̀ náà ni.

Ọ̀gá CBT
Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ò tíì sọ nǹkan tí a lè fi dá yín lóhùn o. JAMB ẹ̀ jẹ́ mélòó? Kírẹ́díìtì mélòó ló ní, ṣé Gẹ̀ẹ́sì àti Math wà níbẹ̀? Àwọn ọmọ wo ló fẹ́ kọ́: jẹ́lé-ó-sinmi, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àbí JSS?

Máàkì JAMB kì í sábà dá ẹni tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì dúró, 100 ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n tó kéré jù ní 2025. WAEC ló ń dá wọn dúró. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní October 2025 ni pé kírẹ́díìtì mẹ́rin ló kéré jù fún NCE. Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀ fún Arts àti Social Science. Math gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀ fún sáyẹ́ǹsì, vocational àti technical. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lórúkọ ilé ìwé.

Ìyá Àdùkẹ́, Ìdó
JAMB ẹ̀ jẹ́ 152. WAEC ẹ̀ dáa. Ibi tí kò ní náni lówó jù ni mo ń wá.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
"WAEC ẹ̀ dáa" kì í ṣe ìdáhùn, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi Tíṣà Àgbà: kí ni wọ́n ń lépa NCE sí? Ọdún mẹ́ta ni. Tó bá wá gba Direct Entry, ìyẹn fífi NCE wọ yunifásítì, 200 level ló máa wọ̀, ọdún mẹ́ta míì nìyẹn. Mẹ́fà. Ẹni tó wọ BOUESTI tàbí EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, tààrà, ọdún mẹ́rin ló fi gba B.Ed, dìgírì tíṣà. Ọdún méjì ọmọ ènìyàn lẹ fẹ́ sun níná yẹn.

Tíṣà Àgbà
O ò parí ìṣirò ẹ. Ìwọ̀n yunifásítì ní 2025 jẹ́ 150, ọmọ yìí sì gba 152. Ẹni tó fi méjì péré lé e, bóyá ni wọ́n máa rí i láàárín ẹgbẹ̀rún èrò. Èkejì, owó. Bí owó bá tán ní 300 level B.Ed, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ ẹ̀. Bí owó bá tán lẹ́yìn NCE, ó ti ní sátífíkéètì tí ìlànà ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa sọ pé òun ló kéré jù fún ẹni tó fẹ́ kọ́ni. Ó lè ṣe ìdánwò TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀, kó gba ìwé àṣẹ, kó máa kọ́ni, kó sì máa fi owó ara ẹ̀ ka dìgírì díẹ̀díẹ̀. Olóyè NCE kì í sin ìlú ní NYSC, nítorí náà kò sí ọdún kan tó ń dúró de káàkì.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́n ń san fún olóyè NCE ní private school l'Adó ńkọ́? Ẹ ò sọ ìyẹn.

Tíṣà Àgbà
Olóyè B.Ed náà wà níbẹ̀ tó ń gba irú owó yẹn. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ sátífíkéètì.

Ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu lẹ́yìn ọ̀la ni kọ́mbínéṣọ̀n, ìyẹn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa kà pọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tíì mẹ́nu bà á. Ẹni tó bá mú PES, ìyẹn Primary Education, tàbí ECCE tí í ṣe ti ọmọ kékeré, òun nìkan ló máa kà, kò ní fi sọ́bújẹ́ẹ̀tì kejì sí i. Ó dáa fún ẹni tó ń wo iṣẹ́ SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń gba tíṣà sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, torí tíṣà pírámárì ló ń kọ́ gbogbo nǹkan nínú kíláàsì kan. Ṣùgbọ́n PES kò ní gbé e lọ sí B.A. Ed. English. Bó bá jẹ́ JSS ló ń wò, méjì ló máa mú: English/Yorùbá, Integrated Science/Biology, Computer/Maths. Kí ó tó mú èyíkéyìí, kó ṣí IBASS, ìwé ìlànà JAMB orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wo ohun tí yunifásítì ń bèèrè lábẹ́ Direct Entry fún dìgírì tó ní lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ wọn ń bèèrè Merit sókè, wọn á sì tún padà bèèrè kírẹ́díìtì márùn-ún WAEC. NCE kì í bo àbùkù WAEC mọ́lẹ̀.

Fadékẹ́mi Adó
Ẹ tún bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe microteaching, ìyẹn fífi ìkọ́ni dánra wò láàárín ara wọn, níbẹ̀. Níbi tó dáa, akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n kan ṣoṣo ni wọ́n ń dán wò lẹ́ẹ̀kan: bí a ṣe ń ṣí ẹ̀kọ́, bí a ṣe ń bi ọmọ ní ìbéèrè, bí a ṣe ń lo pátákó. Níbi tí èrò pọ̀ jù, ẹni mẹ́wàá á gorí pátákó, àwọn tó kù á fọwọ́ síwèé. Ìgbà tí TP, ìyẹn lílọ kọ́ni nílé ìwé gidi, bá dé ní 300 level lojú máa ń já wọn.

Lesson note ni olùbẹ̀wò kọ́kọ́ ń gbà kó tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì. Ẹni tó bá kọ ète ẹ̀kọ́ ẹ̀ báyìí, "kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ẹ̀yà ewé" tàbí "kí ó lè lóye ẹ̀yà ewé," báírò pupa ti wọ ibẹ̀, torí kò sí bí a ṣe ń wọn mímọ̀ láàárín ogójì ìṣẹ́jú. "Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dárúkọ ẹ̀yà ewé mẹ́ta" ni. Ó dárúkọ ni àbí kò dárúkọ? Òun ni tíṣà á fi bèèrè ìbéèrè ní ìparí ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fèélì TP, kò sí sátífíkéètì títí yóò fi tún un ṣe, bó ti wù kí máàkì yòókù ga tó.

Sísì Ìjerò
Ẹ ṣọ́ra o! Ẹ ṣọ́ra gidi! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ka NCE ọdún mẹ́ta gbáko níbì kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ní "outreach", ìyẹn ẹ̀ka ìta, kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá kan ni àwọn. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́, nínú kíláàsì pírámárì tí wọ́n háyà. Rìsíìtì tí wọ́n ń fún un ní lógò kọ́lẹ́ẹ̀jì lórí, wọ́n sì fún un ní ìwé àdímíṣọ̀n. Ìgbà tó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù Direct Entry ló rí i pé kò sí àdímíṣọ̀n kankan lórúkọ ẹ̀ ní JAMB. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tó gbowó ti pa fóònù.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Yéè! Ilé ìwé wo nìyẹn? Ẹ dárúkọ ẹ̀.

Kọ́lá Ìlawẹ̀
Ṣé èyí tó wà lẹ́yìn ọjà yẹn ni?

Sísì Ìjerò
Kì í ṣe ìyẹn.

Kọ́lá Ìlawẹ̀
Àbí èyí tó máa ń lẹ páálí mọ́ òpó iná?

Fadékẹ́mi Adó
Èwo nínú wọn ni kì í lẹ páálí mọ́ òpó iná?

Ìyá Ìbejì Ọ̀tùn
Ẹ̀rù ti bà mí báyìí. Kò kúkú yẹ kí ọmọ kankan lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́. Kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

Olóòtú
Ẹ má dárúkọ ilé ìwé kankan síbí o, ẹ má sì máa fi òwe júwe ẹ̀. Ẹ padà sórí ìbéèrè obìnrin yìí.

Kọ́lá Ìlawẹ̀
Ilé ẹ̀kọ́ ìlera tó wà ní Ìjerò ńkọ́? Iṣẹ́ ìlera ló ń mówó wọlé.

Tíṣà Àgbà
Ó ní ọmọ òun fẹ́ ṣe tíṣà.

Ọ̀gá CBT
Ohun tí Sísì Ìjerò sọ kì í ṣe tuntun. NCCE, àjọ tó ń bójú tó kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, ti irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ 22 pa ní 2025. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ́ ni òògùn ẹ̀. Ẹ wá orúkọ ilé ìwé nínú àkójọ NCCE lórí wẹ́ẹ̀bù wọn. Lẹ́yìn náà ẹ bèèrè bóyá kọ́ọ̀sì tí ọmọ fẹ́ kà gan-an ní àṣẹ, torí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni NCCE ń yẹ̀ wò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì lè wà nínú àkójọ kí ẹ̀ka kan níbẹ̀ má ní àṣẹ.

Nípa JAMB: 2,500 náírà ni owó yíyí ilé ìwé àti kọ́ọ̀sì padà. Ẹ ṣe é ní CBT centre tí JAMB fọwọ́ sí tàbí ní ọ́fíìsì JAMB, ẹ má lọ ṣe é ní káfẹ́ ìgboro. Ojú ibẹ̀ náà ni kí wọ́n ti gbé èsì WAEC ẹ̀ sókè, kí ẹ sì dúró kí ẹ fojú ara yín rí i lórí CAPS, ojú ìwé ìgbaniwọlé JAMB lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo pé wọn ò fún àwọn láyè, "awaiting result" ló ṣì wà lójú ibẹ̀. Bí ilé ìwé bá wá fún un láyè, CAPS ló máa hàn sí, òun fúnra ẹ̀ ló máa tẹ "Accept". Tó bá rí "Transfer Approval", kó má tètè tẹ̀ ẹ́: wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí kọ́ọ̀sì míì nìyẹn. Lẹ́yìn tó bá gbà á, kó tẹ ìwé àdímíṣọ̀n JAMB jáde. Àìní ìwé yẹn ló dá ọmọ ẹ̀gbọ́n Sísì Ìjerò dúró.

Ẹ ní owó kò pọ̀: ẹ rí i pé ilé ìwé ìjọba ni. NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kò yá akẹ́kọ̀ọ́ private lówó. Tìjọba ni wọ́n ń san owó ilé ìwé ẹ̀ tààrà fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì bèèrè owó ìtọ́jú ń gba 20,000 náírà lóṣù. NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB àti nọ́ńbà matric ni wọ́n máa bèèrè. Orúkọ gbọ́dọ̀ bára mu lórí gbogbo ẹ̀. "Adukẹ" lórí ọ̀kan, "Aduke Mary" lórí èkejì, wàhálà ti dé.

Ìyá Ìbejì Ọ̀tùn
Ẹ jọ̀ọ́, èmi tí mo ti ń kọ́ni ní private, ṣé mo lè ṣe NCE láìfi iṣẹ́ sílẹ̀?

Tíṣà Àgbà
NTI, ilé ẹ̀kọ́ tíṣà ti ìjọba àpapọ̀ tí orílé-iṣẹ́ ẹ̀ wà ní Kàdúná, wà fún irú yín. Ìwé ni wọ́n ń fún yín kà nílé, ẹ ó sì máa pàdé ní centre ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ìgbà ìsinmi. Kò yẹ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní SS3, tí kò tíì dúró níwájú kíláàsì rí.

Ìyá Àdùkẹ́, tèmi ni Ìlá, PES. Ó sún mọ́lé, tìjọba sì ni.

Fadékẹ́mi Adó
Èmi fara mọ́ Special, Ọ̀yọ́. Tíṣà tó mọ bí a ṣe ń kọ́ adití àti afọ́jú kò pọ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Èmi ṣì wà lórí BOUESTI.

Ìyá Àdùkẹ́, Ìdó
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ènìyàn mi. Osiele la mú. Àbúrò bàbá ẹ̀ ń gbé ní Abẹ́òkúta, kò ní san owó ilé. Business Education ni ẹ̀gbọ́n mi ní kó kà, ó ní òun náà ló máa fi rí iṣẹ́ báńkì bí tíṣà kò bá ṣeé ṣe.

Ọ̀gá CBT
Ilé ìwé dáa, ilé ọ̀fẹ́ sì dáa jù. Ṣùgbọ́n Business Education wà lábẹ́ vocational. Math ẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Àdùkẹ́, Ìdó
D7. Ṣé D7 kò pé ni?

Ọ̀gá CBT
Kò pé, mà. C6 ni kírẹ́díìtì parí sí. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́?

Ìyá Àdùkẹ́, Ìdó
C5. Yorùbá ẹ̀ jẹ́ B2. Government àti CRS jẹ́ C6.

Ọ̀gá CBT
Kírẹ́díìtì mẹ́rin ti pé, Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú ẹ̀. Kí ó mú Yorùbá/Social Studies ní Osiele yẹn kan náà. Ẹ pe ọ́fíìsì àdímíṣọ̀n wọn lọ́la, kí wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àyè ṣì wà, kí ẹ tó san 2,500 náà. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá takú sórí Business, ọmọ náà á tún Math kọ. 31 December 2025 ni JAMB ní kí kọ́lẹ́ẹ̀jì parí gbígba ọmọ ọdún 2025, ìdánwò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ báyìí kò ní bá a. Ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Kí ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ èyí kó tó wọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.