Àlòkù kọ́, agbójúlójú-ayé ni

Bí a ṣe fẹ́ túmọ̀ The Fountainhead (1943), ìwé ìtàn àròsọ tí Ayn Rand kọ, sí Yorùbá, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe irú èèyàn tó ń pè ní "second-hander", ìyẹn ẹni tó gbé ayé rẹ̀ lé ojú àwọn ẹlòmíràn, ní "èèyàn àlòkù" tàbí "tòkunbọ̀". Mi ò fara mọ́ ọn. Lóòótọ́, Second-Hand Lives ni Rand kọ́kọ́ fẹ́ sọ ìwé náà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan ti lò kù ni àlòkù. Ta ló lo Peter Keating, ayàwòrán-ilé inú ìwé náà, kù? Òun ló ń wo ojú àwọn èèyàn kó tó mọ ohun tí òun fẹ́. Ti tòkunbọ̀ tún wá burú: ìyìn ni lọ́jà ọkọ̀! Ẹni tó ra tòkunbọ̀ a máa yangàn sí ẹni tó ra èyí tí wọ́n ti gùn ní Nàìjíríà.

Àṣekárími sún mọ́ ọn, àmọ́ Keating nìkan ló mú. Gail Wynand oníwèé-ìròyìn kò wá ìyìn, agbára lórí àwọn èèyàn ló ń wá, Howard Roark, ayàwòrán-ilé tí ìtàn náà dá lé, sì gbà pé ẹni tó ń wá agbára ló burú jù nínú wọn. Òwe ti fún wa ní àpẹẹrẹ: agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Gbójú lé ogún, agbójúlógún. Gbójú lé ojú ayé, agbójúlójú-ayé. Ẹ má gé "ayé" kúrò o, torí "lójú" nìkan kò sọ ojú ta ni.

Àkọlé ìwé náà kò ní ìjà: Orísun.

"Selfish" ni iṣẹ́ wà. Báńkì kan fẹ́ gba àwòrán Roark, bó bá lè gbà kí wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó bíi ti Gíríìsì àtijọ́ síwájú rẹ̀. Owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó kọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ará báńkì ní ó ń ṣe bí ẹni tí kò ro ti ara rẹ̀ rárá. Roark ní ìmọtara-ẹni-nìkan tó ga jù lọ lòun ṣe yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi "ìdádúró", ìyẹn kéèyàn dá dúró fúnra rẹ̀, rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀ kí ó má baà ta létí, Rand mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kó ta ni. Ìdádúró ọ̀hún sì rèé, lórí ìwé ọ́fíìsì, lọ rọ́kún nílé ni.

Ti ọ̀rọ̀ tí Roark sọ ní kóòtù nígbà ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ yàtọ̀. "Egotist" ni Rand kọ síbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ẹ̀dà àyájọ́ ọdún 25 ìwé náà, ó ní "egoist", ẹni tó ń gbé ayé fún ara rẹ̀, ló yẹ kó jẹ́, ìwé atúmọ̀ èdè tí òun gbára lé ló ṣi òun lọ́nà. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ẹ̀dà àtijọ́ á kọ "afọ́nnu", bẹ́ẹ̀ Roark kì í fọ́nnu. Adádúró ni kí a kọ. Kò ní wàhálà ìdádúró: ẹni tó dá òṣìṣẹ́ dúró, adánidúró ni à bá pè é.

Fún "integrity", ìwà títọ́ kò bá a dé ibi tó ń lọ. Roark ní ilé pàápàá máa ń ní in, bíi ti èèyàn. Ilé kì í sì í hùwà. Àìlábùlà bá ilé mu, ó bá èèyàn mu, bó ṣe bá ẹmu mu. Ẹ wo Cortlandt, àwọn ilé tí ìjọba fẹ́ kọ́ fún mẹ̀kúnnù: Keating ló forúkọ sí àwòrán tí Roark yà, ohun kan ṣoṣo tí Roark sì béèrè ni pé kí wọ́n kọ́ ọ bí òun ṣe yà á gẹ́lẹ́. Wọ́n bù ú là. Ẹni tó bá ti ń bá "àìlábùlà" bọ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́ á ti mọ ohun tó bàjẹ́ kí dáyámáìtì tí Roark fi wó o tó dún.