Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ọdún láìsanra, kó wá sọ fún wa

Ìyá Tọ́lá (Ìjàpọ̀): Ẹ kú ìmúra ọdún o. Lọ́dún tó kọjá, kílò 71 ni mí ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù Kìíní, mo gun òṣùwọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, 75! Mo ní kí ọmọ tó ń tajà wò ó bóyá òṣùwọ̀n wọn ti bàjẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ bọ́ bàtà." Mo bọ́ bàtà, mo ṣí gèlè, mo gbé báàgì sílẹ̀. 75 náà ni. Ta ló ti jẹ Kérésì rí tí irú eléyìí ò ṣẹlẹ̀ sí i? Ẹ wá sọ bí ẹ ṣe ṣe é.

Ọmọ Ekímọgún: Ẹ má jẹun. Ó tán.

Ìyá Tọ́lá: Ó dájú pé ẹ ò tíì ní ìyá ọkọ.

Àdùkẹ́ Ọ̀bà-Ilé: "Ẹ má jẹun" yẹn ni mo dán wò ní 2022. Inú mọ́tò la ti jọ sọ ọ́, èmi àti ọkọ mi, bá a ṣe ń lọ sí Oǹdó: èso nìkan ni n óò jẹ. A débẹ̀, Màámi ti gúnyán, fúnra wọn o, ẹ̀gúsí wà nílẹ̀, orí ewúrẹ́ ń wo èèyàn láti inú ìkòkò. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màámi, mo ti yó, ọsàn méjì ti tó mi." Wọ́n wò mí. Wọ́n wo odó. Wọ́n wo ọkọ mi. Wọ́n wá pè é wọ yàrá. Ìgbà tó jáde, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má rí ẹ̀rín rẹ̀. Ó ní Màámi ń bèèrè bóyá mo ti lóyún, àbí ẹnì kan ló sọ fún mi pé kí n má jẹ oúnjẹ ilé àwọn. Háà! Mo jẹ iyán náà. Mo tún bù sí i. Mo fi ìka nu àwo níṣojú gbogbo ẹbí.

Tèmítọ́pẹ́_FUTA: "Wọ́n wo odó" 😂😂😂

Ìyàwó Àbíkẹ́yìn: Mo mọ ojú yẹn! Tèmi ò tiẹ̀ béèrè nǹkan kan, ńṣe ni wọ́n sunkún.

Baba Ṣeun: Ẹ dákun, ìyá wo ló ń fi odó gúnyán ní 2022? Ẹ̀rọ ni gbogbo wọn ń lò. Ìtàn yìí ní àbùlà.

Àdùkẹ́ Ọ̀bà-Ilé: Ẹ wá bá wa jẹ ọdún yìí, ẹ ó gbọ́ ìró odó láti títì.

Ọmọ Ekímọgún: Iyán ẹ̀rọ kì í ṣe iyán. Kí èyí má di ìjà o, mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Baba Ṣeun: Ó ti di ìjà. Ta ni kó gún un? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ̀ ń tẹ fóònù?

Nọ́ọ̀sì Alágbàká: Ẹ jẹ́ ká fi iyán sílẹ̀ díẹ̀. Ìyá Tọ́lá, ẹ fọkàn balẹ̀, kílò 4 yẹn kì í ṣe ọ̀rá nìkan. Kí ọ̀rá kílò kan tó gún èèyàn lára, á ti jẹ tó kálórì 7,700 lé lórí èyí tí ara ń lò. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ láàárín ọjọ́ 15 ju kálórì 2,000 lọ lójúmọ́. Ìyẹn ni pé ẹ̀ ń jẹ oúnjẹ ọjọ́ méjì ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ìyá Tọ́lá: Nọ́ọ̀sì, ohun tí mo jẹ gan-an nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká: 😂 Síbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Nínú iyán àti ìrẹsì, ara máa ń tọ́jú díẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kan rẹ̀ sì máa ń mú omi bíi gíráàmù mẹ́ta dání. Iyọ̀ àti magí náà ń dá omi dúró sára. Tẹ́ ẹ bá padà sí oúnjẹ ilé fún ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó jẹ́ omi á lọ. Èyí tí kò bá lọ ni kẹ́ ẹ wá bá jà. Àwọn tó ń mu mọ́ọ̀tì mẹ́ta lójúmọ́ tí wọ́n ní "mi ò kúkú jẹ nǹkan kan", mo rí yín o.

Bọ̀dá Aránṣọ (Ọjà Ọba): Èmi ni kẹ́ ẹ bi. Oṣù Kọkànlá ni mo máa ń wọn yín, mo sì máa ń fi íǹṣì méjì pa mọ́ sínú ojú rírán láìsọ fún yín. Tó bá di oṣù Kìíní, ẹ ó gbé e dé: "Bọ̀dá, aṣọ mi ti sún kì." N óò ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà," n óò tú u, n óò gbowó.

Ìyàwó Àbíkẹ́yìn: Ankara ń sún kì o! Ẹ má fi tiwa bo àṣìṣe yín.

Bọ̀dá Aránṣọ (Ọjà Ọba): Ó ń sún kì tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́. Èyí tẹ́ ẹ gbé wá yẹn, òórùn jọ́lọ́ọ̀fù ṣì wà lára rẹ̀.

Tèmítọ́pẹ́_FUTA: 💀

Ọmọ Ìdánrè: Àwa máa ń gun Òkè Ìdánrè ní ọjọ́ kejì Kérésì. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ẹ lọ gùn ún, kí iyán dà.

Baba Ṣeun: Ṣé ẹ kà á?

Ọmọ Ìdánrè: Mo bẹ̀rẹ̀, àmọ́ mo sọ oókà nù lẹ́yìn igba, torí kúlà ìrẹsì ló wà lórí mi.

Baba Ṣeun: Ẹ gbé ìrẹsì gun òkè láti lọ fọn???

Ọmọ Ìdánrè: Ebi ń pani lókè yẹn, ẹ̀gbọ́n.

Ayọ̀ Ọjà Kékeré: Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta ewúrẹ́ báyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sanra yìí, ẹ júwe ibi iṣẹ́ yín. Ọdún tó kọjá, ọrùn adìẹ ló kàn mí. Mi ò fi gíráàmù kan kún ara.

Ìyá Tọ́lá: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọdún yìí á sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mọ́remí: Èmi rí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́. Mo máa ń tètè gba ṣíbí ìbùjẹ. Ẹni tó ń bu oúnjẹ, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnu rẹ̀. Tí wọ́n bá ní "ìwọ ńkọ́?", n óò ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n dì í lọ, n óò jẹ ẹ́ nílé." Inú wọn á dùn, wọ́n á tún fi ẹran kún un. Tí mo bá délé, mo gbé e fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì wa.

Àdùkẹ́ Ọ̀bà-Ilé: Mọ́remí, níbo lẹ wà ní 2022?

Ayọ̀ Ọjà Kékeré: Ṣé wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣọ́ géètì kejì?

Ìyá Tọ́lá: Ìyá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pè báyìí. Wọ́n ní àwọn ti so ewúrẹ́ méjì mọ́lẹ̀.

Bọ̀dá Aránṣọ (Ọjà Ọba): Íǹṣì mẹ́ta.

Ọmọ Ekímọgún: Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn o. Kò ní kókó, òótọ́ ni, àmọ́ kì í fà.