Wọ́n lé mi jáde nínú omi gbígbóná ní Japan, ṣé kí n gba owó mi padà?

Àníkẹ́ Alárìnká: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí, ẹ má wo àṣìtẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wà ní Hakone, ìlú orí òkè tí kò jìnnà sí Tokyo, rélùwéè tó gbé wa láti Shinjuku ò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Ọdún méjì gbáko ni mo fi dá àjọ fún ìrìnàjò yìí. Mo ní mi ò fẹ́ họ́tẹ́ẹ̀lì òyìnbó, àṣà wọn ni mo fẹ́ mọ̀, ni mo bá mú ryokan, ilé àlejò ìbílẹ̀ wọn, òru mẹ́ta, 132,000 yen owó Japan fún àwa méjì, oúnjẹ alẹ́ àti ti àárọ̀ wà nínú ẹ̀. Kí la wá bá? Kò sí bẹ́ẹ̀dì, orí ẹní tatami ni wọ́n tẹ́ futon sí, ẹ̀yìn ń ro mí. Oúnjẹ alẹ́, àwo bíi méjìlá, ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ò kún ẹnu ọmọdé, ẹja tí wọn ò sè tí wọn ò sun. Sílípáàsì ọ̀tọ̀ fún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀tọ̀ fún ilé ìgbẹ́, tó o bá ti dé orí ẹní, ẹsẹ̀ lásán. Gbogbo ẹ̀ mo fara dà á.

Lánàá mo wọ yukata, aṣọ tí wọ́n kó sí yàrá fún wa, mo ń lọ jẹun, bí ìyá àgbà kan ṣe rí mi ló ki ọwọ́ bọ aṣọ láyà mi tó ń fà á. Kò kí mi, kò bi mí. Mo gba ọwọ́ ẹ̀ dànù. Ó di ìrọ̀lẹ́ òní, mo wà ní onsen, omi gbígbóná wọn, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ já wọlé, ó gbé apá méjèèjì dábùú ara wọn, "dame! dame!", ó ní kí n jáde. Lójú gbogbo èèyàn! Tátúù orúkọ màámi tó wà léjìká mi ni o, kékeré báyìí, màámi sì ti dolóògbé. Kí lorúkọ màámi ṣe fún wọn? Ṣé kí n gba owó òru méjì tó kù kí n máa lọ Kyoto lálẹ́ yìí, àbí kí n dúró? Ọ̀rẹ́ mi gan-an ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn.

Màmá Tọ́ba: Ẹ dúró ná. Ṣé ìhòòhò lẹ wà nínú omi yìí? Pẹ̀lú àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí? Àníkẹ́, kí ló gbé ẹ débẹ̀? Tátúù náà, mo ti sọ ọ́ títí nínú gúrúùpù yìí, wọ́n ní mo ti dàgbà jù.

Ìjẹ̀bú Peckham: Ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà pọ́ńbélé ni jàre. Nígbà tí mo lọ Tokyo, mo wọ ilé oúnjẹ kan, ìjókòó mẹ́fà ṣófo, ọ̀gbẹ́ni yẹn ní ó ti kún. Òjò ń rọ̀ o, mo dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ títí òyìnbó méjì fi dé tó sì ní kí wọ́n wọlé. Mi ò ní gbàgbé láéláé. Gba owó ẹ, kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ dín, kó o sì gbé fídíò wọn síta.

Akin ará Osaka: Ẹ fara balẹ̀ ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún kọkànlá mi rè é níbí. Ohun tí Ìjẹ̀bú sọ máa ń ṣẹlẹ̀, mi ò ní purọ́, ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Àmọ́ ti tátúù ti pẹ́. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fín ọ̀daràn lára kí aráyé lè dá a mọ̀. Ní 1872 ìjọba wá fòfin de tátúù pátápátá, 1948 ni wọ́n tó gbé òfin yẹn kúrò, àwọn yakuza, jàǹdùkú wọn, ló sì wá sọ ọ́ di tiwọn. Ìdí tí ọ̀pọ̀ onsen fi ń kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ní 2013 wọ́n kọ̀ fún obìnrin Maori kan láti New Zealand ní Hokkaido torí ilà ìbílẹ̀ ojú ẹ̀, ariwo ńlá ni. Sístà Àníkẹ́, ṣé ẹ lẹ nǹkan bò ó? Ṣé ẹ kọ́kọ́ wẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọnú omi?

Bàbá Alábàjà: Irọ́ ni. Abàjà ló wà lójú mi yìí, mo lọ Beppu, mo wọ omi wọn lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Bàbá arúgbó kan tiẹ̀ ń bu omi sí mi lẹ́yìn, a jọ ń rẹ́rìn-ín láìgbọ́ èdè ara wa.

Ìjẹ̀bú Peckham: Bàbá, ilà yàtọ̀ sí tátúù.

Bàbá Alábàjà: Báwo ló ṣe yàtọ̀? Abẹ ló ṣe tèmi, abẹ́rẹ́ ló ṣe tiẹ̀. Ìwọ tí wọn ò kọ ilà fún lo fẹ́ kọ́ mi?

Dúpẹ́ Dúpẹ́: Ẹ máa kọ́kọ́ wẹ̀ o, kẹ́ ẹ jókòó sórí àpótí kékeré yẹn kẹ́ ẹ fọṣẹ kúrò lára pátápátá. Tówẹ̀lì ò gbọdọ̀ kan omi, orí ni wọ́n ń gbé e lé.

Àníkẹ́ Alárìnká: Mo wẹ̀, ẹ̀yin èèyàn! Ọmọ onílé ni mí. Pílásítà ni mo lẹ̀ bo tátúù, lánàá náà ni mo lẹ̀ ẹ́, obìnrin yẹn kan náà ló ń tẹríba fún mi. Màmá Tọ́ba, obìnrin nìkan ló wà níbẹ̀, ti ọkùnrin wà lọ́tọ̀.

Akin ará Osaka: Tó bá jẹ́ pé lánàá wọ́n rí pílásítà tí wọn ò sọ nǹkan, kí ló yí padà lónìí? Kí ló wà lọ́wọ́ yín nígbà tó wọlé?

Dúpẹ́ Dúpẹ́: Àbí irun? Irun ò gbọdọ̀ wọnú omi o, ẹ dì í sókè.

Àníkẹ́ Alárìnká: Mo di irun mi. Kí n sọ ti oúnjẹ pàápàá, aago mẹ́fà ni wọ́n ní ká wá jẹun, a dé ní méje kọjá, wọ́n ń wò wá bíi pé a jí nǹkan.

Akin ará Osaka: Ẹ ò dáhùn ìbéèrè mi.

Àníkẹ́ Alárìnká: Ó dáa. Fóònù ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ló ní kí n fi ibẹ̀ han òun, ni mo bá pè é lórí fídíò WhatsApp. Mi ò ya ẹnikẹ́ni o! Ara ògiri àti òkè ni mo ń fi hàn án, ìṣẹ́jú méjì péré. Ọ̀rẹ́ mi ti ní kí n má gbé e wọlé, mo rò pé ó kàn ń ṣe àṣejù ni.

Màmá Tọ́ba: Ye! Àníkẹ́! O gbé kámẹ́rà wọ àárín àwọn ìyá oníyàá níhòòhò, o wá ń bèèrè owó? Kí wọ́n gbé irú ẹ̀ wọ balùwẹ̀ tí ìyá tìẹ wà, kí lo máa ṣe?

Ìjẹ̀bú Peckham: Síbẹ̀ kò yẹ kó pariwo mọ́ ọn.

Bàbá Alábàjà: Ìwọ Ìjẹ̀bú yìí, dákẹ́.

Akin ará Osaka: Mo ti fura. Sístà mi, ọ̀rọ̀ tátúù kọ́ lọ̀rọ̀ yín. Fóònù tí wọ́n ń tà níbí, wọ́n ṣe é kí ìró kámẹ́rà ẹ̀ má ṣeé pa, torí àwọn tó ń yọ́ ya obìnrin. Ẹ wá fojú inú wò ó pé ẹ gbé e wọ onsen. Ó dá mi lójú pé àwòrán fóònù tí wọ́n fi ìlà pupa kọjá lára ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Ẹ má bèèrè owó kankan. Tẹ́ ẹ bá lọ lálẹ́ yìí, wọn ò ní dá a padà, wọ́n ti ra ohun tí wọ́n fẹ́ sè fún yín. Ẹ lọ bá okami, ìyá tó ń bójú tó ilé yẹn, lálẹ́ yìí, ẹ tẹríba dáadáa, ẹ ní "mōshiwake arimasen", ẹ̀bẹ̀ ńlá nìyẹn, ẹ fi fóònù hàn án pé kò sí àwòrán níbẹ̀. Ẹ má fún un lówó o, wọn kì í sábà gba tíìpù, á tún bà á jẹ́ sí i. Páálí bisikí láti ibùdókọ̀ rélùwéè ti tó. Ẹ bi í bóyá wọ́n ní kashikiri, ilé ìwẹ̀ tí wọ́n ń háyà fún ẹ̀yin nìkan, tátúù ò ní ṣe nǹkan níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún padà wá, ẹ lọ Kinosaki, àwọn ilé ìwẹ̀ tó wà nígboro wọn máa ń gba onítátúù.

Àníkẹ́ Alárìnká: Mo ti gbọ́. Ojú ń tì mí, ẹ má sọ mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó fa aṣọ mi lánàá ńkọ́? Fóònù ò sí lọ́wọ́ mi nígbà yẹn o!

Akin ará Osaka: Apá wo lẹ fi bo èkejì níwájú?

Àníkẹ́ Alárìnká: Báwo? Ọ̀tún ló wà lókè, bí mo ṣe ń wọ búláòsì mi.

Akin ará Osaka: Òsì ló ń wà lókè, tọkùnrin tobìnrin. Òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìyá yẹn fẹ́ bá yín tún un ṣe ni.

Màmá Tọ́ba: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Àníkẹ́ Alárìnká: Mo gbé! Fọ́tò yẹn ni mo fi ṣe DP láti àná, gbogbo mọ̀lẹ́bí ti ń kí mi pé mo rẹwà. Mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ yọ ọ́.