Iná wíìlì ńlá wa ń kú ń jí tó bá ti ń yí, tó bá dúró á dáa. Kí ló ń ṣe é?

OniWiili_Ibadan:
Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ dákun ẹ bá mi wò ó, orí mi ti fẹ́ dàrú. Èmi ni mò ń tọ́jú iná ní ọgbà ìṣeré kan níbí ní Ìbàdàn, a ní wíìlì ńlá kan tó ń gbé èèyàn yí lọ sókè sódò, tó ní apá mẹ́rìndínlógún, gbogbo apá yẹn la to LED pixel (ẹyọ iná kéékèèké tí kọ̀ntírólà ń pa àwọ̀ ẹ̀ dà lọ́kọ̀ọ̀kan) sí lára níwájú àti lẹ́yìn, àwọn oní-12 volt, irú èyí tó máa ń yàwòrán òdòdó tó tún máa ń sáré yíká. Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà ti dé. Tí wíìlì bá dúró, iná á tàn gbòò, kò ní sí àléébù kankan, àfi kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí báyìí, gbogbo ẹ̀ á máa kú á máa jí, apá kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé láti àárín lọ dé òpin ẹ̀ ńṣe ló máa dúró gbagidi sórí àwọ̀ kan ṣoṣo nígbà tí àwọn yòókù ń jó. Mo ti pààrọ̀ kọ̀ntírólà, mo ti pààrọ̀ páwà sọ́pílàì méjì, pàbó. Ẹni tó ta iná fún wa l'Álábà ní ká ra gbogbo ẹ̀ ní tuntun, ọ̀gá mi sì ti ń wojú mi bíi pé èmi ni mo jẹ owó. Ẹ sì mọ̀ pé tí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná yẹn ló ń pe àwọn ọmọ wá láti títì, tí kò bá tàn, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì á kàn sùn sórí àga ni. Kí ni kí n ṣe?

Jeje_laye:
Ẹ ra tuntun jàre. Iná tó ti rí òjò ọdún méjì, kí lẹ tún ń wá lára ẹ̀?

BabaRewaya:
Ẹ má tíì ra nǹkan kan o! Ẹni tó ń ta iná ló ní kẹ́ ẹ ra iná, ṣé ó máa ní kẹ́ ẹ má rà ni? Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ: tó bá dúró ó dáa, tó bá yí ó bàjẹ́. Iná tó ti kú kì í dúró de ìgbà tí wíìlì bá yí kó tó kú. Ibi tí iná ti ń kúrò lára ohun tó dúró bọ́ sára ohun tó ń yí ni kẹ́ ẹ lọ, ìyẹn slip ring tó wà láàárín yẹn, àwọn bàbà róbótó tí carbon (ègé dúdú tó ń gbé iná fún un) ń fẹnu lé lórí.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ ṣe èyí fún mi. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ àga kan lára wíìlì yẹn, kẹ́ ẹ dúró síwájú, ẹ jẹ́ kó yí bí ìgbà ogún láìsí èrò lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ibi kan náà ni aṣọ yẹn máa ń wà ní gbogbo ìgbà tí iná bá kú, a jẹ́ pé ojú kan ti jó lára ring. Tó bá jẹ́ pé ó ń kú bó ṣe wù ú, aṣọ lókè, aṣọ nísàlẹ̀, carbon ti jẹ tán tàbí sípíríǹgì tó ń tì í ti rọ. Tó bá wá jẹ́ apá kan péré, tó sì jẹ́ ìgbà tó bá dorí kodò nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ring sílẹ̀ fún un, wáyà ló ti tú níbì kan lára apá yẹn, ìwúwo ara ẹ̀ ló ń fà á já.

OniWiili_Ibadan:
Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ṣe é láàárọ̀ yìí. Aṣọ pupa yẹn, gbogbo ìgbà tó bá ti dé ọ̀gangan ilé jẹnẹrétọ̀ báyìí ni gbogbo iná máa ń ṣẹ́jú, ó ṣe é ní ìgbà mẹ́tàdínlógún nínú ogún. Apá keje tó máa ń dúró gbagidi yẹn sì rèé, ìgbà tó bá kọjú sísàlẹ̀ nìkan ló ń ṣe é. Ṣé àìsàn méjì ni wọ́n ni?

BabaRewaya:
Méjì ni, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ẹ kọ́kọ́ pa iná láti orísun, iná NEPA o, jẹnẹrétọ̀ o, kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ti ibi tẹ́ ẹ ti pa á, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò ẹ̀yin fúnra yín, kì í ṣe lọ́wọ́ gétímáànù. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n tan iná mọ́ lọ́wọ́ rí, Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá ṣí ring, ẹ ó rí eérú dúdú, carbon tó ti jẹ ni. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ àti contact cleaner (oògùn tí wọ́n fi ń nu ojú irin tí iná ń gbà) nù ún. Ẹ má fi gíríìsì sí i o, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé ó ń jẹ́ kó yọ̀, gíríìsì àti eérú yẹn á pò pọ̀ bí àmàlà, iná á wá máa gba inú ẹ̀ bọ́ láti ring kan sí èkejì. Ojú tó bá ti jó tó sì ti jinlẹ̀, ẹ má fi sáńpépà líle ha á, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn oní-lathe kí wọ́n fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó lè dọ́gba. Carbon tuntun tẹ́ ẹ máa fi sí i, ẹ má lọ já ti ẹ̀rọ gáríndà wá, líle wọn ò bára mu, á máa ha ring ni. Kẹ́ ẹ sì we sáńpépà múlọ́múlọ́ mọ́ ring náà, kẹ́ ẹ fi lọ ẹnu carbon títí ẹnu ẹ̀ á fi tẹ̀ bá ara ring.

Iya_Funfair_UK:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú òyìnbó ni mo wà, iná funfair tó ń lọ láti ìlú dé ìlú ni mò ń bá wọn ṣe, ọdọọdún ni àwọn ayẹ̀wò ADIPS (ètò tó ń yẹ ẹ̀rọ ìṣeré wò níbí) ń wá tú ẹ̀rọ wa wò, ṣùgbọ́n òjò ibí yìí ò ka ayẹ̀wò sí. Apá keje yín yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé omi wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó bóyá ńṣe ni wáyà sọ̀ tààrà wọnú ẹ̀, omi á kàn tẹ̀lé wáyà wọlé ni. Kí wáyà kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ná kó tó gòkè wọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì, omi á kán sílẹ̀ níbi tó ti tẹ̀ yẹn. Lórí ohun tó ń yí, ibi tí apá máa ń gúnlẹ̀ sí tó bá dúró lóru ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìṣirò.

Ẹ tún ṣọ́ra fún sílíkóònù tẹ́ ẹ fi ń dí i. Èyí tó bá ń rùn bíi fínígà, ti ojú fèrèsé nìyẹn, ásíìdì inú ẹ̀ á jẹ bàbà di àwọ̀ ewé. Ẹ béèrè fún èyí tó jẹ́ neutral cure, èyí tí kò ní ásíìdì yẹn.

Tí ìdajì apá bá sì dúró gbagidi, àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́ torí láti ọwọ́ pixel kan ni èkejì ti ń gbà á. Èyí tó ṣì ń jó kẹ́yìn àti èyí tó kọ́kọ́ dákẹ́, ọ̀kan nínú wọn tàbí wáyà tó wà láàárín wọn ni.

Dele_LED:
Ẹ jẹ́ n fi kékeré kún un. Ẹ fi mítà wọn iná ní òpin apá nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá wà lórí funfun. Tẹ́ ẹ bá rí 10 volt níbi tó yẹ kí 12 wà, búlúù ló máa kọ́kọ́ rẹ̀, funfun yín á wá máa pọ́n rúsúrúsú lápá òpin. Ẹ fa wáyà tó nípọn lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ fún un ní iná lápá méjèèjì. Kẹ́ ẹ sì fọn eruku kúrò lára fáànù páwà sọ́pílàì kí ọyẹ́ tó dé.

OniWiili_Ibadan:
Mo ti padà dé o! Carbon kan ti jẹ kù bí ẹyọ ẹ̀wà, ojú tó jó lára ring sì tó hóró àgbàdo. Àwọn oní-lathe fá a, a fi carbon méjì tuntun sí i. Sọ́kẹ́ẹ̀tì apá keje, ẹ̀yin màámi tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, tí mo ṣí i báyìí omi dà sí mi lọ́wọ́, bàbà inú ẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, sílíkóònù onífínígà yẹn náà ni a lò. Mo pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti pixel méjì. Iye tá a ná ò tó ìdá kan nínú ogún owó tí ará Alábà sọ, ọ̀gá mi tiẹ̀ ra malt fún mi lánàá.

Ó ku ẹyọ kan o. Pixel kan nínú méjì tí mo pààrọ̀, tí gbogbo wíìlì bá pupa, òun nìkan á ṣe àwọ̀ ewé, tí wọ́n bá ṣe àwọ̀ ewé òun á pupa.

Dele_LED:
😂 Ẹ ò ra èyí tó bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ètò àwọ̀ RGB (pupa, àwọ̀ ewé, búlúù) ni tiyín, GRB lẹ rà, àwọ̀ ewé ló ṣáájú pupa níbẹ̀. Kọ̀ntírólà yẹn ò lè tún ẹyọ kan ṣoṣo ṣe, ẹ yọ ọ́.

OniWiili_Ibadan:
Ó dáa, mo gbọ́. Màá gbé e lọ sára àmì ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè àwọ̀ níbẹ̀.